Bí A Ṣe Ń Wá Ráàkì Abọ́ Tó Bá Síǹkì Motorhome Mu

Ọjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá ráàkì abọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n ń to abọ́ tí wọ́n fọ̀ sí kó lè gbẹ, fún motorhome (ọkọ̀ tó dà bí ilé, téèyàn lè sùn kó sì dáná nínú rẹ̀) kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Wọ́n á rí èyí tó wù wọ́n, wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé e dé inú ọkọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó rí i pé ó ti gùn jù tàbí pé ó ti kúrú jù fún ẹnu síǹkì. Nínú ilé, ráàkì lè jókòó sórí kántà láti àárọ̀ dalẹ́ kó má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀, kántà kékeré yẹn náà lẹ ó ti gé àlùbọ́sà, ibẹ̀ náà lẹ ó gbé kẹ́tù lé. Ráàkì tó wúlò ni èyí tẹ́ ẹ lè tẹ́ kíákíá, kẹ́ ẹ ká a kíákíá, tó sì níbi tí yóò sùn sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ohun èlò iṣẹ́ yìí ò ju téèpù ìwọnǹkan, páálí, sísọ́ọ̀sì àti òòfà kékeré kan lọ.

Wọn ẹnu síǹkì

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bà jẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹ má wọn inú síǹkì. Etí ni ráàkì máa jókòó lé, etí sí etí lẹ ó wọ̀n, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ síǹkì róbótó, ẹ wọ̀n ọ́n níbi tó ti fẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi 6 cm kún un: 3 cm lápá kan, 3 cm lápá kejì. Bí síǹkì bá fẹ̀ tó 36 cm, ráàkì tó gùn tó 42 cm ni ìkéré jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí tó ṣe déédéé ló dára jù. Èyí tó ṣe déédéé ni yóò yọ̀ wọ inú síǹkì pẹ̀lú gbogbo àwo orí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò kan lé apá kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ̀n ọ́n láti iwájú sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ omi ni ìwọ̀n yìí ti máa dúró, kì í ṣe ara ògiri. Bí síǹkì bá ní ìdérí gíláàsì tó ń ṣí sókè, ibi tí ìdérí náà ń dúró sí lẹ́yìn kò sí lára àyè yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tún ní ẹ̀rọ omi tó máa ń dojú bolẹ̀ sínú síǹkì kí ìdérí lè padé. Ẹ gbé e dìde kẹ́ ẹ tó wọn ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì yí i sọ́tùn-ún sósì. Bí ráàkì bá dí i lọ́nà, abọ́ kan ṣoṣo ò ní ṣeé ṣan mọ́ láìjẹ́ pé ẹ kó gbogbo èyí tó ti wà lórí rẹ̀ kúrò.

Àwọn síǹkì kan wà tí ìdérí wọn máa ń rì bọ́ sínú kòtò tíńrín kan kó lè dọ́gba pẹ̀lú kántà. Etí kòtò yẹn lẹ ó wọ̀n, kì í ṣe etí síǹkì fúnra rẹ̀, kí ráàkì lè gùn kọjá rẹ̀, kó jókòó lórí kántà gan-an.

Ìwọ̀n kẹta ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé: láti orí kántà dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù òkè tàbí bèbè fèrèsé. Àwo oúnjẹ lásán máa ń fẹ̀ tó 26 tàbí 27 cm. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró lóòró lórí ráàkì tó ga ní 5 cm, àyè tó wà lókè gbọ́dọ̀ ju 32 cm lọ, kí ọwọ́ náà tó ráyè wọlé.

Wàyí o, páálí. Ẹ gé páálí síréàlì sí ìwọ̀n gan-an tí olùtajà kọ sára ọjà rẹ̀. Tó bá jẹ́ íǹṣì ló kọ, 2.54 cm ni íǹṣì kan. Kẹ́ ẹ rí i pé ìwọ̀n ráàkì lẹ̀ ń wò, kì í ṣe ti páálí tí wọ́n dì í sí. Ẹ tẹ́ páálí náà sẹ́nu síǹkì, kẹ́ ẹ fi odindi ọjọ́ kan dáná bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀. Ẹ ṣí fìríìjì. Ẹ tan gáàsì, kẹ́ ẹ wo bí iná ṣe jìnnà sí i tó. Bí ọwọ́ yín bá ń ti páálí ṣubú ṣáá, ráàkì náà á máa ṣubú bẹ́ẹ̀ ni, tòun ti abọ́. Páálí yìí ni kì í jẹ́ kéèyàn máa dá ọjà padà, ẹ má fò ó.

Èwo lẹ ó rà?

Èyí tó ṣeé ká bí ẹní ló borí. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi sílíkóònù (ohun rírọ̀ bíi rọ́bà) so pọ̀ ní etí méjèèjì. Omi á kán tààrà sínú síǹkì, kò nílò tíréè kankan, ẹ sì lè ká ìdajì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ fi ìdajì síǹkì tó kù ṣan abọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé àwo kì í dúró lóòró lórí rẹ̀. Àwo tó bá dojú bolẹ̀ sí i kì í tètè gbẹ. Ẹ wá ráàkì lẹ́tà onírin tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, èyí tó kéré, kẹ́ ẹ gbé e lé e lórí. Àwo mẹ́rin á dúró nínú rẹ̀ ṣánṣán, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti ìdúró àwo tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀. Lórí síǹkì róbótó, àárín ni kẹ́ ẹ to abọ́ sí. Omi èyí tó bá wà ní igun, orí kántà ló ń kán sí.

Èyí tó jẹ́ ike àti sílíkóònù, tó máa ń rún wọlé di pẹlẹbẹ, máa ń gba àwo dáadáa, ó sì dára fẹ́ni tó ń gbé abọ́ lọ fọ̀ níbi ìfọbọ́ ìpàgọ́. Àmọ́ ojú ibi tó ti ń ṣẹ́ ni ọṣẹ àti èérún oúnjẹ máa ń sá sí, èbu dúdú ò sì ní pẹ́ yọ níbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ṣì eyín tẹ́ ẹ ti pa tì fọ ojú ìṣẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ elépo, kó má ra funfun. Epo pupa máa ń wọ sílíkóònù lára, àwọ̀ ọsàn yẹn kì í sì í bá ọṣẹ lọ. Eérú tàbí dúdú ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá ti wọ ti funfun lára, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á ṣí díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi tíṣù nu epo kúrò lára abọ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́ rárá, torí epo tó bá dì sínú táǹkì omi ìdọ̀tí á máa rùn.

Wáyà tí wọ́n fi ike bò, ẹ yẹra fún un, àfi tí owó bá ṣòro. Orí wáyà tí wọ́n gé ni ike ti kọ́kọ́ máa ń ṣí, ibẹ̀ ni ìpẹtà á sì ti wọlé. Ẹ fi òòfà yẹn dán ráàkì tí wọ́n ní irin tí kì í dípẹtà ni wò: tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, ẹ gbé e sílẹ̀. Tó bá kàn fà á díẹ̀, kò burú.

Ẹ tún wo bó ṣe wúwo tó. Ní UK, láísẹ́ǹsì mọ́tò tí èèyàn gbà láti 1997 kì í sábà gbà ju ọkọ̀ 3,500 kg lọ, omi lítà kan sì jẹ́ 1 kg. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rọ omi, tẹ́ ẹ gbé gáàsì, tẹ́ ẹ kó oúnjẹ, ráàkì onírin ńlá tó wọ̀n tó kílò méjì jẹ́ ẹrù tí kò yẹ kẹ́ ẹ gbé.

Lílò

Ẹ má gbé ráàkì tàbí abọ́ lé ìdérí gíláàsì sítóòfù nígbà tí ojú gáàsì abẹ́ rẹ̀ bá ṣì gbóná. Gíláàsì náà lè fọ́ yángá lójijì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ ìtòsí rẹ̀ wò ná. Bí ooru bá ṣì ń jáde, ẹ dúró.

Bó bá jẹ́ ráàkì tó ní tíréè àti ẹnu ìdàmi lẹ rà, ọkọ̀ tó bá fì sápá kan á da gbogbo omi náà sẹ́yìn kántà. Ẹ fi igi ìtẹ̀gùn sábẹ́ táyà apá tó rẹlẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró tẹ́jú, tàbí, bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún abọ́ mẹ́rin, ẹ ṣẹ́ aṣọ ìnuabọ́ sí méjì kẹ́ ẹ fi sábẹ́ apá tó jìnnà sí síǹkì.

Tí abọ́ bá pọ̀, ẹ gbé ráàkì lọ sínú ibi ìwẹ̀ ọkọ̀, kí omi rẹ̀ máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé òrùlé, torí èémí omi abọ́ tútù ní alẹ́ òtútù á di omi lára fèrèsé kílẹ̀ tó mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ nu ráàkì gbẹ, ẹ ká a, ẹ fi rọ́bà dè é, kẹ́ ẹ fi aṣọ ìnuabọ́ wé e kó má máa dún wọnranwọnran. Inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí. Ẹ má fi sínú ofin (ààrò tí wọ́n fi ń yan oúnjẹ), bó ti wù kí àyè ibẹ̀ dùn tó: ẹlòmíì á kàn tan án láìwo inú rẹ̀, ike á sì yọ́ dà sára ìsàlẹ̀ rẹ̀.