Bí A Ṣe Kun Ògiri Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà n'Íbàdàn

Ògiri gígùn kan wà ní àdúgbò wa, nísàlẹ̀ òkè Mápó, tí wọ́n mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ńlá kí ilẹ̀ má baà ya wọ inú rẹ̀. Ìdí ògiri yìí ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lóru. Bí òjò bá dé, omi á gbá gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà, gọ́tà á sì dí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré lójú ará Ìbàdàn. Àwọn àgbà wa ò gbàgbé Omíyalé ti 1980, nígbà tí odò Ògùnpa gbé ilé, gbé ènìyàn lọ. Àwa náà sì rí èyí tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2011. Ayàwòrán ni mí. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni màá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi tún ṣe.

Ilé Bàbá Mọ́gàjí ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo mú ìwé tí mo ti ya nǹkan sí dání, ṣùgbọ́n kí n tó yọ ọ́, Bàbá ti ní kí wọ́n pe àwọn onílé àti àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tó ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà èwe wọn. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ yà síbẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo wá gbọ́ lẹ́nu yín, Màmá." Wọ́n ní, "Ìbàdàndùn ni kó o yà. Ìlú wa ló wà lára ẹ̀."

Àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n máa ń yà sára àdìrẹ Ìbàdàndùn, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Wọ́n á pín aṣọ náà sí onígun mẹ́rin mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan á sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí Màmá ṣe ń ṣàlàyé èyí ni mo rí ọ̀nà: kí agboolé kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ lára ògiri. Mo ká ìwé mi padà sínú àpò.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀dà nìkan lè lé ìdọ̀tí lọ, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ. Nítorí náà, a kọ́kọ́ gbé dúrọ́ọ̀mù sókè ọ̀nà, àwọn ilé sì gbà láti máa dá owó fún ẹni tó ń fi ọmọlanke kó o. Lẹ́yìn ìyẹn la tó mú ṣọ́bìrì.

Ara ògiri gba iṣẹ́ ju àwòrán lọ. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo yàn, torí ọ̀dà kì í dúró lára ògiri tutù. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ewédò kúrò, a fi omi tí a bu jíìkì sí fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ibi tó ti sán, bíríkìlà àdúgbò fi sìmẹ́ńtì dí i. Mo dúró tì í kó má baà dí àwọn ihò páìpù ìsàlẹ̀: ibẹ̀ ni omi tó wà lẹ́yìn ògiri ń gbà jáde. Bí wọ́n bá dí wọn, omi á ti ògiri wó, òun àti àwòrán.

A fi okùn tí a pa búlúù sí na ìlà àwọn ojú náà. A kun gbogbo rẹ̀ ní àyìnrín, kí ọ̀dà tó dúdú bí aró tó wá gba ẹ̀yìn iṣẹ́ ọnà, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ti ṣí kúrò lára aṣọ. Eruku ọyẹ́ ò fún wa nísinmi. Àràárọ̀ la ń fi àkísà tútù nu ògiri kí ẹnikẹ́ni tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, a sì ń ṣíwọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Màmá jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe. Ojú tiwọn ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn yà, òpó Mápó mẹ́ta tó dúró ṣánṣán. Fọkanáísà ní táyà lòun máa yà. Àwọn kan ní ìyẹn kì í ṣe àdìrẹ, ó di àríyànjiyàn. Màmá ní, "Ṣé àwọn ìyá ìyá wa ló ni ṣíbí òyìnbó tí àwa ń yà sáṣọ ni? Ẹ jẹ́ kó ya táyà ẹ̀." Táyà náà wà níbẹ̀, ó sì bá àwọn yòókù mu gan-an.

Mo fẹ́ kí ayàwòrán tó bá ń ka èyí gbọ́ ohun kan. Oòrùn á pa àwọ̀, òjò á ta erùpẹ̀ sí i. N'Ílé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè kì í kùn ún lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí ọdún òrìṣà bá dé, wọ́n á tún un kùn. Èyí ni mo gbé síwájú Bàbá Mọ́gàjí, wọ́n sì gbà: lẹ́yìn òjò ọdọọdún, agboolé kọ̀ọ̀kan á tún ojú tirẹ̀ kùn. Ẹni tó mọ̀ pé òun lòun máa fọ ògiri yẹn, kò ní da ìdọ̀tí sí i, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn dà á.

Wọ́n ṣì ń dà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí ẹni tó ń kó dúrọ́ọ̀mù ò bá tètè wá. Ṣùgbọ́n gọ́tà ṣàn ní gbogbo òjò tó kọjá, alákàrà kan sì ti gbé agbada rẹ̀ wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò lè dúró sí tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ bí a ṣe po àwọ̀ méjèèjì sí ara ìdérí gálọ̀nù, ọ̀dà tó ṣẹ́kù sì wà nílé Bàbá Mọ́gàjí. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, wọn ò nílò mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.