Bí mo ṣe yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù nínú Land Rover sójà, tí mo gbé ti bọ́ọ̀sì Mercedes 207 tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì sí i

Land Rover tí mò ń sọ yìí, Series III ni, 109 tó gùn. Sójà ló kọ́kọ́ lò ó, bàbá ìyàwó mi rà á ní ọ́kísọ̀n, nígbà tó wá dọ́wọ́ mi mo kùn ún ní funfun kíá, torí mi ò fẹ́ kí sójà kankan dá mi dúró lọ́nà Ìlọrin pé kí ni mò ń fi àwọ̀ wọn ṣe. Àlùmíníọ́mù ni bọ́dì ẹ̀, kò dógùn-ún. Wàhálà ẹ̀ ò ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.25 lítà tó bá a wá, ọ̀mùtí gbáà ni.

Ẹ máa sọ pé ṣebí dísẹ́ẹ̀lì ló wọ́n jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lóko mi lápá Ìkòyí-Ilé, dísẹ́ẹ̀lì ni tírákítọ̀ àti ẹ̀rọ gààrí ń mu, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀ ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ yìí nìkan ni mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kiri fún, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò sì yé mu sìgá, ẹ̀rù ń bà mí.

Bàbá Tóyìn, mẹkáníìkì mi ní Tákìẹ́ n'Ógbómọ̀ṣọ́, ní "Ọmọ mi, lọ wá ti 207, pátì ẹ̀ ò wọ́n." Mo lọ sí Gate n'Íbàdàn, mo ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, èyí tí Mercedes ń pè ní OM616, 2.4 lítà, pẹ̀lú pọ́ǹpù ẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n sitáàtì ẹ̀ kí n tó sanwó.

Yíyọ èyí tó wà níbẹ̀ ò gbà wá ju ọjọ́ kan lọ. Kàbúrétọ̀, pílọ́ọ̀gì, kóńtáàtì, gbogbo ẹ̀ lọ, torí dísẹ́ẹ̀lì ò nílò iná tó máa tan epo, bó ṣe ń ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ nínú sílíńdà (bíi 21 sí 1, ti tẹ́lẹ̀ ò ju bíi 8 lọ) ló ń mú un gbóná tí epo fi ń gbiná fúnra ẹ̀. Kíkì yẹn ló ń mú kó le láti yí nígbà tí a bá ń sitáàtì ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ra bátìrì ńlá.

Ibi tójú ti rí màbo ni jíábọ́ọ̀sì. Ti Land Rover la fi sílẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò sì bá ti Mercedes mu rárá, torí náà tọ́nà kan (àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) ní àdúgbò Caretaker gé páànù irin nínípọn sáàárín wọn, ó lu ihò oríṣi méjì sí i, ó sì fi idẹ ṣe búṣì kékeré tí imú sáàfù jíà máa wọ̀ nídìí kíráńkì. Bébà àti ṣọ́ọ̀kì ló fi wọn ihò. A dè é, ó sitáàtì, inú mi dùn. Ọjọ́ kejì, jíà ò wọlé láìpariwo, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. A tún sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Búṣì idẹ yẹn ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọṣẹ tí eku jẹ.

Bàbá Tóyìn ò bínú, ó kàn de wáyà kan mọ́ fúláíwíìlì (irin roboto tó ń bá kíráńkì yí), ó tẹ ẹnu ẹ̀ kó kan etí ihò ńlá tó wà láàárín páànù yẹn, ó wá ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Lápá òkè wáyà ń ha irin, nísàlẹ̀ bíléèdì ayùn ń kọjá láàárín wọn. Ìwọ̀nba yẹn tí páànù fi yẹ̀ kúrò láàárín náà ló fa gbogbo ẹ̀ o! Wọ́n fi fáìlì fẹ ihò àwọn bóòtù, wọ́n sún páànù títí wáyà fi ń kàn án dọ́gba yíká, wọ́n wá kan píìnì méjì mọ́ ọn kó má baà sún mọ́. Tọ́nà ṣe búṣì mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, ojú ń tì í.

Ìyókù ò le. A fọ tánkì, a fa páìpù tó ń dá epo padà sí i, a yọ afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Pọ́ǹpù tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ bá ẹ́ńjìnnì wá. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ò lè pa á mọ́, wáyà kan ni mò ń fà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo tún lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà nínú pátíkúlà, ẹ má fojú fo ìyẹn.

Eré ẹ̀ ò lé, kí n má parọ́, agbára ẹ̀ náà ò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ epo tó ń mu ti dín gan-an. Ariwo ló kù. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọlé, ìyàwó mi jáde síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní òun rò pé bọ́ọ̀sì Ìlọrin ló ṣìnà yà sílé wa.