Ogun Bọ́mà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Rẹ̀

Bí o bá fẹ́ kọ ìtàn bàbá àgbà tó lọ sógun Bọ́mà (Myanmar là ń pè é báyìí) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, má kọ ọ́ pé ó lọ bá Hitler jà. Jàpáànì ni wọ́n kojú níbẹ̀, òun ló gba Rangoon, olú ìlú Bọ́mà nígbà náà, lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1942.

Má sì sọ ọ́ di ìjà Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Nínú ọmọ ogun tí Slim, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, darí, àwọn ará Íńdíà ló pọ̀ jù. Gurkha, àwọn jagunjagun ará Nepal, wà níbẹ̀, àwọn ará Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà náà wà níbẹ̀. Lápá àríwá, àwọn ará Ṣáínà àti Amẹ́ríkà ń jà lábẹ́ Stilwell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà. Ibi tó ti ń dojú rú ni pé àwọn ará Íńdíà mìíràn, ọmọ ẹ̀yìn Subhas Chandra Bose tó fẹ́ lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Íńdíà, ń ti Jàpáànì lẹ́yìn. Tí o bá kọ “àwọn ará Íńdíà”, sọ àwọn wo.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ ẹrù. Àwọn kan á ní aláàárù lásán làwọn èèyàn wa. Ojú á ti àwọn mìíràn, wọ́n á yọ aláàárù kúrò nínú ìtàn pátápátá. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, kò sọ́nà mọ́tò. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún Dífísọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí èèyàn ló sì ń gbé e dé iwájú ogun. Dífísọ̀n 82, tí òun náà jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tiẹ̀ fi òṣùká tí ọ̀kọ̀ méjì gún kọjá ṣe àmì ara aṣọ wọn. Ṣé ẹni tí ẹrù ń tì lójú á gbé òṣùká sára aṣọ ogun? Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé, kì í ṣe oníbọn, olùtọ́jú aláìsàn ni. Ìbọn Jàpáànì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní oṣù Kẹta 1944, àwọn Mùsùlùmí abúlé kan ló fi pamọ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ, títí di oṣù Kejìlá.

Orúkọ bárékè náà ń ṣini lọ́nà. Arakan ní Àpápá àti Letmauk ní Ìbàdàn, Bọ́mà ni wọ́n ti wá. Ti Marda ní Yábàá yàtọ̀: Etiópíà ni, Ítálì ni wọ́n sì bá jà níbẹ̀ ní 1941.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́. Oṣù Karùn-ún 1945 ni ogun parí ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n Jàpáànì kò juwọ́ sílẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ojú omi tó máa kó àwọn ológun padà kò sì tètè dé. Bí ìwé bàbá rẹ bá sọ pé 1946 ló dé, má tún un ṣe.