Bí a ṣe ń fi oúnjẹ pèsè ẹṣin sílẹ̀ de Ojúde Ọba, kí iṣan rẹ̀ má baà wú

Ẹṣin tí yóò jó níwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá kì í ṣe ẹṣin ìdíje, ṣùgbọ́n ohun tí eré àsápajúdé ń fojú iṣan ẹṣin ìdíje rí ni ijó, oòrùn àti ọ̀dà títì ń fojú iṣan tiwa rí. Àwọn fọ́nrán inú iṣan a já wẹ́wẹ́, ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe; ibẹ̀ ni wíwú, gbígbóná àti ríro ti ń wá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣàǹfààní, nítorí òun ni iṣan fi ń le sí i. Àpọ̀jù rẹ̀ ni à ń fi oúnjẹ dènà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Koríko tútù ni ìpìlẹ̀, nítorí ọ̀rá omega-3 tó ń dín wíwú kù wà nínú rẹ̀, vítámì E náà sì wà níbẹ̀, èyí tó máa ń dínkù gan-an bí koríko bá ti gbẹ. Gbégi àti eèsún tí kò tíì gbó ni èmi ń gé létí oko láràárọ̀, n kò sì ná kọ́bọ̀ lé e. Bí ẹṣin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Ọya dé, tí koríko gbígbẹ sì ti mọ́ ọn lára, ẹ fi tútù lú gbígbẹ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Òróró ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹṣin kò ní àpò òróòro, níbi tí omi tó ń bá ara da ọ̀rá máa ń kó sí, kì í sì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, inú rẹ̀ ni yóò ti bá a yí. Mo rí ẹnìkan tó da odidi ìgò òróró sórí èérí ọkà tí ẹṣin rẹ̀ ń jẹ nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Ìgbẹ́ gbuuru ni ẹṣin náà fi gba ọjọ́ Ojúde Ọba, wọn kò sì lè di í ní gàárì. Fún ẹṣin tó wọn nǹkan bí 300 kg, ẹ fi 30 ml bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, kí ẹ máa fi 30 ml kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá pé 200 ml. Ẹ pín in sí oúnjẹ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má ṣe fi ìgò rọ ọ́ sí i lẹ́nu bí ìgbà tí a ń rọ ọmọ lágbo, nítorí bí ó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ikú lè tẹ̀lé e. Inú èérí ni kí ẹ pò ó mọ́.

Òróró flaxseed (irúgbìn ọ̀gbọ̀) ni mo fẹ́ràn jù. Bí owó kò bá ká a, òróró sóyà ní omega-3 díẹ̀. Òróró ẹ̀pà kò ní in rárá, bí ó tilẹ̀ ń mú kí ara ẹṣin máa dán. Òróró tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù. Bí òróró bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ara ń béèrè vítámì E sí i, nítorí náà mo máa ń fi 1,000 IU rẹ̀ (IU ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn vítámì) kún oúnjẹ ẹṣin lójúmọ́, pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun méjì iyọ̀ àti omi tí kò gbọdọ̀ tán níwájú rẹ̀.

Ẹ má ṣe fún un ní phenylbutazone, oògùn ìrora ẹṣin, láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ó lè jó dáadáa. Oògùn yìí ń bo ìrora mọ́lẹ̀, ẹṣin a sì máa fi ibi tó ti fara pa jó. Bí ó bá pọ̀ jù, a tún máa ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú gàárì, ẹ da omi tútù sí i lára léraléra, kí ẹ sì máa mú un rìn jẹ́jẹ́ títí èémí rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀: bí ó bá dúdú bí kọfí, tí itan rẹ̀ sì le gbagidi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ẹ gbé omi sí iwájú rẹ̀ níbi tó dúró sí, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀.