Ẹ fi irùngbọ̀n sílẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa àwọn ọba Rọ́ṣíà

Bí ìdánwò ìtàn bá ti ń sún mọ́lé báyìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ra ìwé pélébé alákọsórí kiri. Owó tí wọn ì bá fi jẹun ni. Èmi tí mò ń máàkì ni mò ń jìyà rẹ̀.

Èkíní, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí Peter Kìíní, ọba tí gbogbo yín mọ̀ jù. Ṣáájú rẹ̀, Ivan Kẹta ti gba ìlú Novgorod ní 1478, ó sì kó agogo tí àwọn ará ìlú fi ń pe ìpàdé lọ sí Moscow. Ta ni yóò tún pe ìpàdé lé ọba lórí níbẹ̀?

Èkejì, Ivan Kẹrin kì í ṣe wèrè lásán bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́. Ẹ ka ìwé òfin rẹ̀ ti 1550.

Ẹ̀kẹta, irùngbọ̀n! Bí a bá béèrè ohun tí Peter ṣe, irùngbọ̀n ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ. Ẹlòmíì á fi kún ojú ìwé méjì. (Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní torí pé tèmi kò hù dáadáa ni mo ṣe ń bínú. Ó ṣeé ṣe.) Lóòótọ́ ló bu owó lé irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá jókòó sí abúlé rẹ̀ kò san nǹkan kan, àfi tó bá wọ ìlú. Ṣé ìyẹn ló fẹ́ bọ́ ọmọ ogun? Owó-orí ni kí ẹ kọ. Tẹ́lẹ̀, agbolé ni wọ́n ń kà. Àwọn èèyàn gbọ́n, ìdílé méjì mẹ́ta á fún ara wọn mọ́ inú àgbàlá kan, wọ́n á san owó ẹyọ kan. Ni Peter bá pàṣẹ ní 1718 pé kí wọ́n ka ọkùnrin lórí kọ̀ọ̀kan, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó, kí owó náà lè máa gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ ogun. Olóyè tó ni àgbẹ̀ ni yóò rí i pé owó pé. Nígbà tó fi di 1724, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ wáṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn ní láti gbàwé àṣẹ. Òfin 1649 ti so wọ́n mọ́ ilẹ̀ olówó wọn tẹ́lẹ̀. Èyí wá fún okùn náà le sí i. Ẹni tó bá kọ “Peter mú ọ̀làjú wá” láì sọ ẹni tó sanwó rẹ̀, bíírò pupa mi ń dúró dè é.

Ipò iṣẹ́ ọba 14 tí Peter tò ní 1722 ńkọ́? Iṣẹ́ ọba lè sọ ọmọ tálákà di ọlọ́lá, àmọ́ kò pa ọlá ìdílé rẹ́.

Àtúnṣe ìṣàkóso ìgbèríko tí Catherine Kejì ṣe ní 1775, ẹ má kọ ọ́ láì dárúkọ Pugachev, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọba tó ti kú, tó sì da ìlú rú kí àtúnṣe náà tó wáyé.

Ẹ má sì dánu dúró sórí pé Alexander Kejì dá àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1861. Wọ́n ṣì ń san owó ilẹ̀ tí wọ́n gbà nígbà náà di ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e.