Òróró peppermint fún orí fífọ́

Ẹ̀yin ará, tí orí bá ń fọ́ yín nítorí àárẹ̀ tàbí ìrònú, ẹ dán òróró peppermint wò. Ẹ má fi òun nìkan para o, ó máa ń ta ni lára! Ẹ kán ẹ̀kán 3 sínú ṣíbí òróró ólífì kan, kí ẹ rọra fi ìka pa á sí iwájú orí àti ẹ̀bátí méjèèjì. Menthol inú rẹ̀ ló ń mú ibẹ̀ tutù. Kó jìnnà sí ẹyinjú, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ohun mímu. Ẹ má fi sójú tàbí imú ọmọ kékeré rárá, ó lè dí i léèémí. Tí orí fífọ́ bá dé lójijì tó sì le gan-an, tàbí tí ọrùn gan pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.