Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ibi táwọn ará àtijọ́ gbà sọdá òkè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń mọ ọ̀nà táwọn èèyàn àtijọ́ gbà sọdá òkè, ẹ jẹ́ n fi Lendbreen, ọ̀nà orí òkè oníyìnyín kan ní Nọ́wè, ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ló yé mi jù.

Kẹ́ ẹ tó wá ọ̀nà rárá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ìgbà wo lọ́dún ni wọ́n ń rìn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ibí yìí, wọ́n á kàn gbé máàpù sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kó fa ọ̀nà tí ò ní tán'ni lókun. Ìṣirò tí Waldo Tobler, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, gbé jáde ní 1993 nípa bí èèyàn ṣe ń yára rìn ni wọ́n sábà ń lò: kìlómítà 5 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nǹkan bíi 6 tí ilẹ̀ bá rọra dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń pọ́nkè ò lè yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó o, ó wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òkúta ṣágiṣàgi ló kún Lendbreen, ẹṣin tó gbẹ́rù gba orí ẹ̀ nígbà ooru lè kán lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí sínóò bá bo òkúta yẹn lọ̀nà ń já gaara. Sínóò gan-an ni títì wọn.

Ẹ wá lọ fẹsẹ̀ rìn ín. Ìparí ìgbà ooru ni kẹ́ ẹ lọ, August sí September, kí sínóò tuntun tó bọ́. Ẹ tò lọ gbọọrọ létí yìnyín tó ń yọ́, kójú yín wà nílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ má tíì gbé e, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ fi GPS mú ibi tó wà. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn, igi tó ti wà nínú yìnyín fún ẹgbẹ̀rún ọdún á là tó bá gbẹ lójijì. Ká ní ilẹ̀ tiwa ni, aṣọ àti awọ ì bá ti jẹrà tipẹ́.

Ẹ má fojú di ìgbẹ́ ẹṣin! Òun, bàtà ẹṣin, ìbọ̀wọ́ àti òkúta tí wọ́n tò jọ láti fi júwe ọ̀nà ló ń sọ pé arìnrìn-àjò ló kọjá, kì í ṣe ọdẹ nìkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni radiocarbon, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó, ẹ má sì fi ẹyọ kan ṣe é. Lọ́dún 2011 wọ́n rí ẹ̀wù onírun àgùntàn kan tó jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 300 Sànmánì Kristẹni, tí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ẹnì kan péré ló gbabẹ̀ nìyẹn. Ọgọ́ta nǹkan ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2020: nǹkan bí ọdún 300 ni ìrìn bẹ̀rẹ̀, èrò pọ̀ jù níbẹ̀ ní nǹkan bí 1000, ó sì kú tán nígbà tó fi máa di 1500.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni igi kékeré kan tí wọ́n gbẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò mọ ohun tó wà fún. Ìyá àgbà kan ládùúgbò rí i, ó ní ẹnu ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi í sí kó má bàa mu ọmú ìyá ẹ̀, pé àwọn ṣì ń lo irú ẹ̀ ní nǹkan bí 1930. Igi yẹn ti ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún (900) ọdún lọ! A wá mọ̀ pé wọ́n ń da ẹran gba orí òkè yẹn. Torí náà ẹ kó fọ́tò yín lọ bá àwọn àgbà tó ti daran rí, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má sì sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ kí wọ́n tó sọ tiwọn.